Kíkọ Agbára Sílẹ̀: Ohun Tí Padua, Turin àti Agbègbè Milan Lè Kọ́ Ẹni Tó Fẹ́ Ṣe Áàpù fún Àwọn Tó Ń Gbé Irin

Irin gbígbé jẹ́ eré ìdárayá tí ènìyàn ti ń kojú ìwúwo tí a mọ iye kílò rẹ̀, tí ó sì ń gbìyànjú láti gbé e ní ọ̀nà tí òfin eré náà là sílẹ̀. Nítorí náà, eré oníṣirò ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó lọ jìnnà nínú rẹ̀ láìní àkọsílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni àwọn eléré máa ń kọ ní gbọ̀ngàn ìdárayá: ìwúwo tó wà lórí ọ̀pá irin, iye ìgbà tí wọ́n gbé e láìsinmi, àti ọ̀wọ́, èyí tí í ṣe àkójọ ìgbà tó wà láàárín ìsinmi kan àti òmíràn. Bí ẹnì kan bá gbé kílò 100 ní ìgbà márùn-ún, tí ó sinmi, tí ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i, ọ̀wọ́ mẹ́ta onígbà márùn-ún ni a ó kọ fún un. Ìwé pélébé àti báírò ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Lóde òní, áàpù orí fóònù ló ń gba ipò ìwé náà.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí a kọ sílẹ̀ ló ń di ìmọ̀. Áàpù tó kàn ń kó nọ́ńbà jọ yàtọ̀ sí áàpù tó ń jẹ́ kí eléré mọ ibi tí ara rẹ̀ dé, ohun tó mú un débẹ̀, àti ohun tó yẹ kó ṣe lọ́la. Àwọn ìbéèrè tí irú áàpù kejì yìí gbọ́dọ̀ dáhùn kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí fóònù dé. Láàárín irínwó ọdún, àwọn onímọ̀ àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní àríwá ilẹ̀ Ítálì ti bi ara wọn ní ìbéèrè nípa ìwúwo, nípa àárẹ̀ àti nípa eré, ìyẹn ìyára tí ohun kan fi ń lọ, wọ́n sì ti ṣe ẹ̀rọ tó dáhùn wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe áàpù fún àwọn tó ń gbé irin, tí kò sì kọ́gbọ́n lára iṣẹ́ wọn, yóò ṣe ohun tó dùn ún wò ṣùgbọ́n tí kò lè tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́nà.

Ohun àkọ́kọ́ tí àìsí àkọsílẹ̀ ń bà jẹ́ ni òtítọ́ nípa agbára fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàn Giovanni Battista Belzoni ti fi hàn. Padua ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1778. Nígbà tó di ọdún 1803, ó ń ṣe eré alágbára ní ilé ìṣeré Sadler's Wells ní London, níbi tí ó ti máa ń gbé férémù irin kan tí nǹkan bí ènìyàn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gùn lé, tí yóò sì máa gbé wọn rìn lórí pèpéle. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Íjíbítì, tí ó di olókìkí nípa àwọn ohun àtayébáyé tí ó hú jáde níbẹ̀, ó sì kú ní Ughoton, ní ilẹ̀ Benin tó wà ní Ìpínlẹ̀ Edo lónìí, ní oṣù Kejìlá ọdún 1823, níbi tí ó ti ń wá ọ̀nà lọ sí Timbuktu. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé alágbára ni, síbẹ̀ kò sí bí a ṣe lè fi agbára rẹ̀ wé ti ẹlòmíràn lónìí, nítorí pé orí ènìyàn ni àwọn òǹwòran ń kà, àwọn tó sì sọ ìtàn náà kò fẹnu kò lórí iye orí náà. Òkìkí ló kù, ìwọ̀n kò sí.

Bí nọ́ńbà bá tilẹ̀ wà, tí kò bá ní àlàyé tó tẹ̀ lé e, ó lè tan ènìyàn jẹ. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1924 ní Paris, Carlo Galimberti, ẹni tí í ṣe panápaná ní Milan, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní ìsọ̀rí àwọn tí ìwúwo ara wọn kò ju kílò 75 lọ, àpapọ̀ ohun tí ó gbé sì jẹ́ kílò 492.5. Ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní Los Angeles ní 1984, Norberto Oberburger, ọmọ agbègbè Bolzano ní ìhà àríwá ilẹ̀ Ítálì, gba wúrà ní ìsọ̀rí kílò 110 pẹ̀lú àpapọ̀ kílò 390. Bí áàpù kan bá to nọ́ńbà méjèèjì sábẹ́ ara wọn láìṣe àlàyé, yóò dà bí ẹni pé Galimberti, tí ara rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti èkejì, fi ohun tó ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ borí rẹ̀. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà ni pé ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n gbà gbé irin ní 1924, méjì pẹ̀lú ọwọ́ kan, mẹ́ta pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tí wọ́n sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní 1984, ọ̀nà méjì péré ló kù: kí eléré gbé irin láti ilẹ̀ dé òkè orí ní ìfàsókè kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní snatch, àti kí ó kọ́kọ́ gbé e dé èjìká kí ó tó tì í lọ sókè, èyí tí wọ́n ń pè ní clean and jerk. Bí a bá pín àpapọ̀ kọ̀ọ̀kan sí iye ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e, ti Galimberti jẹ́ kílò 98.5 fún ọ̀nà kan, ti Oberburger sì jẹ́ kílò 195.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí áàpù gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó gba nọ́ńbà kankan ni orúkọ ọ̀nà tí a gbà gbé irin náà àti ipò tí a wà nígbà tí a gbé e. Ẹni tó gbé irin lé èjìká, tí ó sì lóṣòó títí ìtan rẹ̀ fi rẹlẹ̀ ju orúnkún lọ, kò ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tó kàn tẹ orúnkún díẹ̀, bí kílò tí wọ́n gbé tilẹ̀ dọ́gba. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá irin rí: ọ̀pá ìdíje ti ọkùnrin wọn kílò 20, ti obìnrin wọn kílò 15. Tí ẹnì kan bá ka ọ̀pá mọ́ ìwúwo lónìí, tí ó sì gbàgbé láti kà á lọ́la, àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò sọ pé agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nígbà tí kò sí ohun tó ṣe agbára náà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá yìí ló mú wa dé òfin ìwọ̀n tó ṣe pàtàkì jù lọ: òṣùwọ̀n kan náà ni kí a máa lò, ní àkókò kan náà àti ní ipò kan náà. Santorio Santorio, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní Yunifásítì Padua láti 1611 sí 1624, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi òfin yìí ṣiṣẹ́ lórí ara ènìyàn. Ó so àga kan rọ̀ mọ́ òṣùwọ̀n ńlá, ó ń jókòó sórí rẹ̀ jẹun, ó sì wọn ara rẹ̀, oúnjẹ àti ohun mímu rẹ̀, àti gbogbo ohun tó ń jáde lára rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé tó kó àbájáde iṣẹ́ náà sí, De statica medicina, jáde ní Venice ní 1614. Ohun tó rí ni pé bí ènìyàn bá jẹ, tí ó sì mu, ohun tó wọn pọ́n-ùn mẹ́jọ ní ọjọ́ kan, nǹkan bíi pọ́n-ùn márùn-ún nínú rẹ̀ ń gba awọ ara àti èémí jáde láìsí ẹni tó rí i. Ojú kò lè rí i, ọwọ́ kò sì lè tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí a ń ṣe lójoojúmọ́ lórí òṣùwọ̀n kan náà tú u fó.

Ẹni tó ń gbé irin nílò ẹ̀kọ́ yìí gan-an, nítorí pé ìsọ̀rí ìdíje dúró lórí ìwúwo ara, bẹ́ẹ̀ ni omi tí ènìyàn mu àti oúnjẹ tí ó jẹ sì lè yí ìwúwo náà padà pẹ̀lú kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan. Áàpù tó bá kọ́gbọ́n lára Santorio yóò máa béèrè ìwúwo ara ní òwúrọ̀, kí eléré tó jẹun, kò sì ní pariwo lórí ìyàtọ̀ ọjọ́ kan. Yóò kó ìwọ̀n ọjọ́ méje jọ, yóò sì fi ìpíndọ́gba rẹ̀ hàn, kí eléré má baà fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí omi tó mu ní àṣálẹ́ àná.

Ìwúwo nìkan kò tó, nítorí pé kílò kan náà kì í ṣe ẹrù kan náà fún ara tó ti rẹ̀. Ọgbọ́n ìlú Turin ló ṣí wa lójú sí èyí. Angelo Mosso, tí wọ́n bí ní Turin ní 1846, tí ó sì kú ní 1910, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ìlú náà. Ní 1890, ó ṣàlàyé ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ ergograph, èyí tó ń ya iṣẹ́ iṣan sórí ìwé. Wọn á so apá ènìyàn mọ́lẹ̀ kí ó má lè mira, wọn á ki ìka méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka àárín bọ inú ihò irin, wọn á sì fi okùn so ìka àárín nìkan mọ́ ìwúwo kílò díẹ̀ tó gba orí àgbá kékeré kan kọjá. Ẹni náà yóò máa fa ìwúwo yìí sókè bí aago ṣe ń ké, ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì méjì, ṣóńṣó kan yóò sì máa fa ìlà sórí ìwé tí wọ́n fi èéfín kùn ní dúdú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlà náà ga. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kúrú, títí ìka kò fi ní lè gbé ohunkóhun mọ́.

Ohun tí Mosso kọ sínú ìwé rẹ̀ La fatica, tó jáde ní 1891, ni pé bí ìlà náà ṣe ń relẹ̀ yàtọ̀ láti ara ènìyàn kan sí òmíràn. Agbára àwọn kan ń já wálẹ̀ lójijì, ti àwọn mìíràn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa ń pa irú tirẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n bá tún wọn ọ́n. Ó tún rí i pé iṣẹ́ ọpọlọ lè dín agbára iṣan kù, nítorí pé àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdánwò tí wọ́n ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé kò lè fa ìwúwo náà tó bí wọ́n ti ń fà á tẹ́lẹ̀. Arnaldo Maggiora, tó bá a ṣiṣẹ́, fi ẹ̀kọ́ mìíràn kún un. Bí ìfàsókè 30 bá tán ìka lágbára pátápátá, wákàtí méjì ni ìka náà nílò kí agbára rẹ̀ tó padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró sí 15, ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó. Ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe, ìdá mẹ́rin ìsinmi péré ni ó sì nílò. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn ìfàsókè ìkẹyìn, tí ara fi tipátipá ṣe, ló ń ná ènìyàn jù.

Láti inú iṣẹ́ yìí ni ohun méjì ti jáde tí áàpù kò gbọ́dọ̀ fò. Èkíní ni pé, lẹ́yìn ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí ó bi eléré léèrè iye ìgbà tó rò pé òun ṣì lè gbé irin náà bí kò bá dúró. Ẹni tó gbé kílò 100 ní ìgbà márùn-ún, tí ìgbà mẹ́ta ṣì kù lára rẹ̀, àti ẹni tó gbé e ní ìgbà márùn-ún tí kò ku ẹyọ kan, kò sí ní ipò kan náà, bí àkọsílẹ̀ kílò wọn tilẹ̀ bára mu. Èkejì ni pé ó yẹ kí ó ní àyè kékeré fún oorun tí eléré sùn àti iṣẹ́ òòjọ́ tó ṣe. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Turin tàbí Padua, tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìkẹ́rùsí kí ó tó wá gbé irin ní ìrọ̀lẹ́, kò gbọ́dọ̀ rí àbájáde ọjọ́ náà kí ó sì rò pé òun ti di ọ̀lẹ; àkọsílẹ̀ ni yóò sọ fún un pé àárẹ̀ ni.

Ìbéèrè kẹta ni eré, ìyẹn bí ọ̀pá ṣe yára tó nígbà tó ń gòkè. Ó dájú nínú ìmọ̀ irin gbígbé pé bí ìwúwo bá ti ń pọ̀ sí i ni eré ọ̀pá ń dín kù, bí ènìyàn tilẹ̀ fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í. Fún ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí àga tí ó ń ti irin sókè láti àyà, ìwúwo tó pọ̀ jù lọ tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sábà máa ń gòkè ní eré tí kò tó ìdá márùn-ún mítà kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, bí ìwúwo tí eléré ti ń gbé ní kíákíá bá lọ́ra lónìí, ara rẹ̀ ti sọ pé ó rẹ òun kí ẹnu rẹ̀ tó sọ ọ́.

Ẹ̀rọ tó lè wọn eré yìí ti wà nínú fóònù, agbègbè Milan sì kópa ńlá nínú bí ó ṣe débẹ̀. STMicroelectronics, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987 nígbà tí ilé-iṣẹ́ SGS ti Ítálì àti apá kan Thomson ti Faransé dara pọ̀, ní ilé-iṣẹ́ ńlá ní Agrate Brianza lẹ́gbẹ̀ẹ́ Milan. Benedetto Vigna wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ níbẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní accelerometer, èyí tó ń mọ ìgbà tí eré ohun kan bá yí padà. Sẹ́ńsọ̀ wọn wọ inú ohun èlò eré Wii ti Nintendo ní 2006, ó sì wọ inú iPhone àkọ́kọ́ ní 2007. Nínú rẹ̀, ègé sílíkọ́ọ̀nù kan tí ojú lásán kò lè rí dáadáa wà lórí okùn tín-tìn-tín. Bí fóònù bá mira, ègé náà á sún díẹ̀, àlàfo tó wà láàárín òun àti àwọn ègé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á yí padà, iná mànàmáná tó wà níbẹ̀ á sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ìyípadà yìí ni kọ̀ǹpútà inú fóònù ń sọ di nọ́ńbà.

Bí a bá de irú sẹ́ńsọ̀ yìí mọ́ ọrùn ọwọ́ tàbí mọ́ ọ̀pá irin, a lè ṣírò eré láti inú ìyípadà eré. Àwọn Beast Technologies ti Brescia ṣe irú ohun èlò kékeré bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń gbé irin. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí ẹni tó ń ṣe áàpù gbọ́dọ̀ mọ̀: nínú ìṣirò yìí, àṣìṣe kékeré ń gun orí àṣìṣe kékeré, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ áàpù lè sọ pé ọ̀pá tó wà nílẹ̀ ń sáré. Ọ̀nà àbáyọ wà nínú eré náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ní ìsàlẹ̀ àti ní òkè ìgbésókè kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá máa ń dúró fún ìgbà kúkúrú. Ibẹ̀ ni áàpù ti gbọ́dọ̀ dá eré padà sí òdo kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán èyí wò kí ó tó náwó púpọ̀ lè lo Arduino, pátákó ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2005 ní Ivrea, ìlú tó wà ní àríwá Turin. Yóò so sẹ́ńsọ̀ mọ́ ọn, yóò fi kámẹ́rà ya ọ̀pá náà ní fídíò, yóò sì fi èkíní yẹ èkejì wò.

Lẹ́yìn tí ìwúwo, àárẹ̀ àti eré bá ti wà nínú àkọsílẹ̀, ìṣirò lè bẹ̀rẹ̀. Èyí tí àwọn eléré fẹ́ràn jù ni ìṣirò ìwúwo tó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé wọ́n gbé e ní tòótọ́. Ìlànà tó gbajúmọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Boyd Epley pè ní kí a fi 30 pín iye ìgbà, kí a fi 1 kún un, kí a sì fi ìwúwo sọ ọ́ di púpọ̀. Fún kílò 100 ní ìgbà márùn-ún, ó fún wa ní kílò 116.7. Ìlànà Matt Brzycki ní kí a sọ ìwúwo di púpọ̀ pẹ̀lú 36, kí a sì fi ohun tó kù nígbà tí a bá yọ iye ìgbà kúrò nínú 37 pín in. Fún eléré kan náà, kílò 112.5 ló fún wa. Ìyàtọ̀ tó lé díẹ̀ ní kílò mẹ́rin tó wà láàárín wọn tó láti mú ènìyàn gba àmì ẹ̀yẹ tàbí láti mú un fara pa. Nítorí náà, áàpù olóòótọ́ kò gbọ́dọ̀ gbé nọ́ńbà kan ṣoṣo kalẹ̀ bí ẹni pé òun mọ̀ ọ́n dájú. Kí ó fi àlàfo tó wà láàárín ìṣirò méjèèjì hàn, kí ó sì sọ fún eléré pé bí iye ìgbà bá ti ń pọ̀ ju mẹ́wàá lọ ni ìṣirò náà ń jìnnà sí òtítọ́.

Bákan náà ni ó gbọ́dọ̀ mọ bí agbára ṣe ń lọ́ra láti dàgbà. Folashade Oluwafemiayo, ọmọ Nàìjíríà tó ń díje nínú irin gbígbé àwọn tó ní ìpèníjà ara, gba wúrà ní ìdíje Párálíḿpíìkì ti Tokyo tó wáyé ní 2021 pẹ̀lú kílò 152, ó sì gba wúrà ní Paris ní 2024 pẹ̀lú kílò 167. Kò sí obìnrin kankan ní ìsọ̀rí rẹ̀ tó tíì gbé tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà méjèèjì. Kílò 15 ló fi kún agbára rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta, èyí tí kò tó gíráàmù 100 lọ́sẹ̀ kan. Bí áàpù kan bá ń retí kílò méjì àti ààbọ̀ lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ó lè bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n yóò máa fi àmì ìkùnà sí iwájú ẹni tó tóbi jù lọ nínú eré náà. Ìtẹ̀síwájú ẹni tó ti gòkè gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a ń fi oṣù àti ọdún wò.

Ní ti ojú áàpù náà, ọwọ́ tí ẹfun kùn, tí ó sì ń gbọ̀n, ni yóò máa tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ìtẹ̀ kan tàbí méjì ló yẹ kó tó láti kọ ọ̀wọ́ kan sílẹ̀, ó sì yẹ kó lè ṣiṣẹ́ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá dé, torí pé ìsàlẹ̀ ilé ni ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn irin wà. Kò sì sí ìdí tí ẹni tó ń ronú ní Yorùbá fi gbọ́dọ̀ máa ka àárẹ̀ ara rẹ̀ ní èdè Ítálì nìkan.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni àkọsílẹ̀ náà. Ìwúwo ara, oorun àti àárẹ̀ ènìyàn wà lára ohun tó lè sọ nípa ìlera rẹ̀, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, sì fún ìsọfúnni ìlera ní ààbò tó ju ti àwọn ìyókù lọ. Òfin yìí kan náà fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ìsọfúnni tó fún áàpù padà ní ọ̀nà tí ẹ̀rọ mìíràn lè kà. Áàpù tó bá fẹ́ kí a fọkàn tán òun gbọ́dọ̀ jẹ́ kí eléré kó gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ nígbàkúùgbà tó bá wù ú, kò sì gbọ́dọ̀ tà á fún ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ rẹ̀.

Ní àkótán, áàpù fún àwọn tó ń gbé irin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kọ̀ǹpútà nìkan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so orúkọ mọ́ nọ́ńbà, láti dúró lórí òṣùwọ̀n kan náà bí Santorio, láti ka àárẹ̀ kún agbára bí Mosso, láti lo sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ àṣìṣe rẹ̀, àti láti bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń lo ara rẹ̀ fún ìwọ̀n náà. Èyí tó bá ṣe gbogbo èyí yóò dín ìpalára kù, yóò sì jẹ́ kí ẹni tí kò lówó láti gba olùkọ́ ní ohun tí olùkọ́ rere ń ṣe: ìrántí tó péye àti ìmọ̀ràn tó dúró lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá, nílé àti ní Ítálì, bá fẹ́ dáwọ́ lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Sùúrù àti òótọ́ ni ó kù tí wọ́n máa fi kọ́ ọ.